Fèrèsé Tó Yọ Lójú Malume

Ẹni tó bá rí Tadala láàárọ̀ ọjọ́ tí Lusekelo kọ́kọ́ wọ àgọ́ ìwọ̀n yóò rò pé ọlọ́pàá ló wá mú un. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò bá a ṣeré. Ìdí ẹ̀rù náà kò jìnnà. Òun ló kọ ètò kọ̀mpútà tí oko tíì ńlá kan fi ń wọn ewé, òun ọmọbìnrin tí wọ́n rán lọ kàwé ní Blantyre, tí gbogbo àdúgbò Thyolo fi ń yangàn. Ètò náà sì ń dákú lójoojúmọ́. Láàárọ̀, á máa sáré. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, títí yóò fi dúró pátápátá. Àwọn obìnrin tó ń já ewé á tò sínú oòrùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Ewé inú apẹ̀rẹ̀ á máa rọ, omi ara rẹ̀ á máa gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á sì ti dín kù kó tó dórí òṣùwọ̀n. Wọn kì í bú Tadala lójú, ṣùgbọ́n òṣé tí wọ́n ń pa, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i ni pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bambo Namakhwa, ìyẹn Bàbá Namakhwa, ni ọ̀gá àgọ́ ìwọ̀n. Malume ni Tadala ń pè é, bí ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin. Ní ìdílé wọn, bàbá kọ́ ni ọmọ ń bẹ̀rù, Malume ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin àti gbogbo ọmọ tí wọ́n bí wà, kò sì sí ọkùnrin tó lè fẹ́ ọ̀kan nínú wọn láìgba iwájú rẹ̀ kọjá. Tí ẹ̀rọ bá ti dákú, Malume kì í sọ̀rọ̀. Á kàn bọ́ fìlà rẹ̀, á fi fẹ́ ara rẹ̀, á sì wo Tadala.

Ilé iṣẹ́ kan ní Blantyre ló rán Lusekelo wá tún ètò náà ṣe. Ọkùnrin gíga ni, ará Karonga lókè àríwá lọ́hùn-ún, tó ń sọ èdè ìhà gúúsù bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Ó jókòó ti Tadala, ó ń wo bó ṣe ń wọn apẹ̀rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló kọ ọ́?" ló wá bi í.

"Èmi ni, sà."

"Yé pè mí ní sà. Mi ò tí ì gbéyàwó." Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, Tadala kò sì mọ ibi tí òun máa kọjú sí. "Tó o bá wọn apẹ̀rẹ̀ kan tán, kí lo máa ń ṣe sí fèrèsé tó wà lójú ẹ̀rọ yìí?" Fèrèsé ni wọ́n ń pe àpótí kékeré tó ń ṣí lójú kọ̀mpútà, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí.

"Mo máa ń pa á dé. Mo máa wá ṣí tuntun fún apẹ̀rẹ̀ tó kàn."

"Èyí tó o pa dé ńkọ́, ó kú?"

"Ó kúrò lójú."

"Kí n tó bi ẹ́ ni mo ti rí i pé ó kúrò lójú. Ó kú?"

Lusekelo fa àga sún mọ́ ọn. "Nígbà tó o ṣí i, o ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òṣùwọ̀n, kí òṣùwọ̀n lè máa pè é tí nǹkan bá ti dórí ẹ̀. Ìyẹn dáa. O wá pa á dé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ ò lè gbá a dànù, torí ó rí i pé ẹnì kan ṣì ń pè é. Gbogbo fèrèsé tó o ti ṣí láti àárọ̀ ló wà nínú ibí yìí. O kàn ò rí wọn ni."

Tadala wo ojú kọ̀mpútà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àlejò kún inú yàrá òun. "Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kó tó lọ, kó yọ orúkọ ẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ ó gba Tadala lọ́jọ́ mélòó kan kó tó yọ orúkọ gbogbo fèrèsé inú ètò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó parí ẹ̀, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìgbà tí ọkọ̀ kó ewé lọ, kò sì dákú. Malume kò bọ́ fìlà. Ó kàn wo Lusekelo láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ará àríwá yìí mọṣẹ́, ó sì fún un ní àgbàdo sísun kan. Ẹni tó bá mọ Malume mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́, mi ò lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni. Lusekelo yẹ kó padà sí Blantyre, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tún rí iṣẹ́ mìíràn fún un lórí àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó wà lórí òkè. Láàárọ̀ á gba àgọ́ ìwọ̀n kọjá pẹ̀lú mandasi gbígbóná, ìyẹn búrẹ́dì dídín ti ibẹ̀, nínú bébà. Ó ní òun kò lè jẹ ẹ́ tán. Ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ mandasi mẹ́rin tán, àwọn ajáwé sì rí i, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

Ọjọ́ kan tí òjò dá wọn dúró sábẹ́ òrùlé, Tadala bi í léèrè ilé wọn.

"Adágún ni níwájú," ni Lusekelo wí, "màlúù ni lẹ́yìn. Ìrẹsì wà láàárín."

"Màlúù ńkọ́? Kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?"

"A ń fi wọ́n gbéyàwó. Màlúù á kọ́kọ́ lọ sílé bàbá ìyàwó, ìyàwó á wá bá wa bọ̀ wálé."

"Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ló ń kẹ́rù ẹ̀ lọ bá obìnrin. Á wá kọ́lé sí àgbàlá ìyá ìyàwó ẹ̀, àwọn ọmọ á sì jẹ́ ti ilé ìyá wọn."

"Tí ọkùnrin yẹn bá ní ilé tiẹ̀ ńkọ́?"

"Á fi sílẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí ni Tadala. Malume ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì wà nílé ìwé, ó ti ní ibí ni ọkọ Tadala máa kọ́lé sí. Gbogbo ẹbí ló mọ ibẹ̀, kódà wọn kì í gbin nǹkan kan síbẹ̀. Lusekelo sì rèé, àkọ́bí bàbá rẹ̀, tí ilé àti màlúù ń dúró dè ní Karonga. Láti ọjọ́ yẹn ni àyà ti ń já Tadala, tó bá sì dùbúlẹ̀, ohun tó ń rò kò ju ọ̀kan lọ: ṣé Malume máa gbà?

"Bá a sọ̀rọ̀," ni Lusekelo ń sọ. "Tí o kò bá kọ́kọ́ là á sí i létí, báwo ni mo ṣe máa rán àwọn nkhoswe mi wá?" Nkhoswe ni àwọn alárinà tó ń ṣojú ẹbí nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò sì sí ìgbéyàwó láìsí wọn.

"Mo máa sọ fún un."

"Ìgbà wo?"

"Tí inú ẹ̀ bá dùn."

"Inú bàbá yẹn ti dùn rí?"

Inú àfonífojì ni àgọ́ ìwọ̀n wà, fóònù kì í wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà kan so kọ̀mpútà àgọ́ mọ́ ti ọ́fíìsì òkè. Ìyẹn ni Tadala fi kọ fèrèsé kékeré kan sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n, fún òun àti Lusekelo nìkan, kí wọ́n lè máa fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Ìkánjú ló fi kọ ọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lórí iṣẹ́. Ó ṣe é kó jẹ́ pé tí òun bá pa á dé, kó farapamọ́ ni, kó má kú, kí ọ̀rọ̀ Lusekelo má bàa nù. Tí ọ̀rọ̀ tuntun bá sì dé, kó yọ fúnra rẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé nígbàkígbà tí òun bá tún pè é, tuntun ni ẹ̀rọ ń ṣe fún òun, àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí, tí gbogbo wọn ń tẹ́tí. Ó ti yọ orúkọ gbogbo fèrèsé oko tíì. Ti ara rẹ̀ ni kò yọ.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Ọ̀gá àgbà ti kìlọ̀ létí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá gbé nǹkan ti ara rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n, ilé ló ń lọ. Tadala mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é, ìfẹ́ a máa sọni di aláìgbọràn.

Ọ̀sán nìkan ni Malume máa ń gba àga lọ́wọ́ Tadala, kí Tadala lè lọ jẹun. Lusekelo mọ̀, kì í kọ̀wé ní àsìkò yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òjò rọ̀ láàárọ̀, àwọn ajáwé pẹ́ dé, oúnjẹ sì pẹ́. Lusekelo rò pé Tadala ti jẹun tán, pé ó ti padà sí àyè rẹ̀. Tadala jókòó sábẹ́ òrùlé níta, ó ń fi nsima, òkèlè àgbàdo wọn, jẹ ẹja wẹ́wẹ́ usipa, nígbà tó gbọ́ pé inú àgọ́ pa lọ́lọ́. Òṣùwọ̀n kò dún mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Malume, tó ń kàwé sókè bí ẹni ń pe orúkọ òṣìṣẹ́.

"Tadala mi, ṣé o ti bá Malume sọ̀rọ̀? Bàbá mi ti ya màlúù sọ́tọ̀ nítorí rẹ."

Tadala fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Nígbà tó fi dénú, fèrèsé ti bo ojú kọ̀mpútà. Malume pa ọ̀kan dé. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé. "Tadala mi," Malume tún kà á, "ṣé o ti bá Malume sọ̀rọ̀?" Ó pa á dé. Òmíràn. Àwọn ajáwé ti rọ́ wọ ẹnu ọ̀nà, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi àwọn tó wà níwájú pé kí ló kọ. Malume ń pa á dé, ó ń yọ, ó ń pa á dé, ó ń yọ.

"Ó fẹ́ ẹ lóòótọ́ o," ni ìyá àgbàlagbà kan wí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. "Ó ti tẹnu mọ́ ọn tó."

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Malume yí àga rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó sì bọ́ fìlà.

"Màlúù," ló wí. "Wọ́n fẹ́ fi màlúù ra ọmọ mi, wọ́n sì wá ń polówó ẹ̀ lójú mi níwájú àwọn èèyàn mi. Ẹ lọ pe ọmọkùnrin yẹn wá."

Lusekelo sọ̀kalẹ̀ wá. Ó wo ojú kọ̀mpútà lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó kọ́ Tadala ní bí a ṣe ń yọ orúkọ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbójú sókè wo Tadala, Tadala sì mọ̀ pé ojú òun ń bẹ̀bẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò rán ojú ní iṣẹ́ náà.

"Ta ló gbé èyí sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n?" ni Malume bi í.

"Èmi ni, Bambo," ni Lusekelo dáhùn.

"Ẹ̀ẹ̀kan ò tó ẹ? O ní láti kọ ọ́ títí ojú mi á fi fọ́?"

"Ìwà òpònú ni mo hù. Ẹ forí jì mí."

"Mo fún ẹ ní àgbàdo," ni Malume wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún ẹ. O wá sọ mí di ẹlẹ́yà."

Tadala la ẹnu. Ó rí iṣẹ́ rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ojú ọ̀gá àgbà, ó sì pa ẹnu dé. Kí oòrùn tó wọ̀, Lusekelo ti pa fèrèsé náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ pátápátá, wọ́n sì ti dá a padà sí Blantyre.

Oṣù tó tẹ̀ lé e kò dára fún Tadala. Ó ń wọn ewé, ó ń dáhùn tí wọ́n bá kí i, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Limbe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Blantyre, òun àti Lusekelo sì jókòó sórí ìjókòó símẹ́ńtì kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, pẹ̀lú ìgò Fanta kan láàárín wọn tí kò sẹ́ni tó mu ún.

"Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún Malume," ni Tadala wí.

"Wọ́n á lé ẹ níbi iṣẹ́."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, kò ní gbà ẹ́ láéláé. O ti gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní ti màlúù, òun lè bá yín jà á tán. Ti ẹlẹ́yà yẹn ni òun ò lè gbàgbé."

"Mo máa bẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ ohun tí o kò ṣe?"

"Ó ti tán, Tadala. Mo ti gbé e. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Tadala wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn, ó sì ń tì í lójú láti sọ ọ́. "Bó o ṣe sọ fún un pé ìwọ ni, ojú ẹ ò yẹ̀. Ohùn ẹ ò gbọ̀n. Mo dúró níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí èmi náà gbà á gbọ́. Ṣé bó o ṣe máa ń purọ́ nìyẹn?"

Lusekelo ti ìgò Fanta sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Torí ẹ ni mo ṣe pa á."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, o lè purọ́ fún èmi náà torí mi."

Lusekelo bá a dé ìdí ọkọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ fún un, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi kún. Tadala sunkún láti Limbe dé Thyolo, obìnrin tó jókòó tì í fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì bi í ní nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ ni kò rọrùn láti wò lójú. Mai Edina, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá náà, kò bínú sí Lusekelo. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Wọ́n ní adágún Karonga dára."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀, Mama."

"Wọ́n ní ọkọ̀ á rin odindi ọjọ́ kan."

"Mama, Malume ò tí ì gbà. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó ju ẹ̀wà kan tó ti jẹrà sẹ́yìn. "Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, ìwọ lo mọ ibi tó yẹ kó o fi òróró pa. Ẹlòmíràn ò mọ̀ ọ́n."

Tadala bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, sórí ilẹ̀ tí Malume ti wọ̀n sílẹ̀ yẹn, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ Lusekelo. Ó fẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù Malume ń bà á. Kò mọ èwo nínú mẹ́ta yẹn ló ń fún un lọ́rùn jù.

Nígbà tí àgbàdo gbó, àwọn ará Karonga ránṣẹ́. Bambo Mwalwanda, àbúrò bàbá Lusekelo tó ti ń gbé Limbe tipẹ́, ló fẹ́ wá gẹ́gẹ́ bíi nkhoswe. Kò sí bí Malume ṣe lè lé nkhoswe padà lẹ́nu ọ̀nà láìgbọ́ ọ, àṣà kò gbà á. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó sọ òun di ẹlẹ́yà bá wọn wá, kí òun lè kọ̀ fún un lójú.

Wọ́n dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Malume jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé, àwọn àlejò wà lórí àga níwájú rẹ̀, Lusekelo sì wà lẹ́yìn, lórí ẹní, ó dorí kodò. Inú ilé ni Tadala wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Bambo Mwalwanda sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó kí ilé, ó kí oko, ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí. Malume jẹ́ kó parí.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ẹ̀yin ará òkè mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yin fẹ́ fi màlúù gbé e lọ, èmi fẹ́ kí ọmọkùnrin yín wá kọ́lé síbí. Àgbà ni wá, a lè bá ìyẹn jà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ká sì jẹun lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí sọ mí di yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn tí mò ń darí. Títí dòní, tí mo bá ní kí obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wá, ẹlòmíràn á máa sọ lẹ́yìn mi pé, ṣé o ti bá Malume sọ̀rọ̀? Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi kó tó di àna, kí ló máa ṣe tó bá di àna tán? Mi ò gbà. Àmọ́ kí wọ́n má bàa sọ pé mo fo àṣà, ẹ pe ọmọ náà."

Àṣà náà kò gùn. Ọmọbìnrin á jáde, á kúnlẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ó mọ àwọn àlejò, á ní òun mọ̀ wọ́n tàbí òun kò mọ̀ wọ́n, á sì padà wọlé. Kò sẹ́ni tó ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Tadala jáde, ó kúnlẹ̀.

"Tadala," ni Malume wí, "ṣé o mọ àwọn èèyàn yìí?"

"Malume, èmi ni."

"Ìbéèrè tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn."

"Èmi ni mo gbé fèrèsé yẹn sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ̀wé ẹ̀. Èmi ni mi ò pa àwọn fèrèsé yẹn bó ṣe yẹ, mo kàn ń fi wọ́n pamọ́, wọ́n sì pọ̀ sí i láìmọ̀, gbogbo wọn ló wá yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é sí gbogbo ti oko. Kò ṣẹ̀ yín, Malume. Èmi ni mo sọ yín di ẹlẹ́yà. Ó gbé e fún mi torí pé wọ́n á lé mi. Mo jẹ́ kó gbé e."

Lusekelo ti gbé orí sókè. "Tadala," ló wí, ó rọra wí i.

Ojú Malume wà lára Tadala, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Tadala fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ti pa gbogbo ilé run. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó mọ ìdílé wọn rí ohun tó ń bọ̀. Tí ọmọ bá ṣẹ ará ìta, kì í ṣe ọmọ ló ń tọrọ àforíjì, Malume rẹ̀ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Ó sì ti fi odindi oṣù mẹ́ta bú ọmọ aláìṣẹ̀ káàkiri Thyolo.

Malume bọ́ fìlà. Kò fi fẹ́ ara rẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní níwájú àwọn ará Karonga, ó jókòó sílẹ̀, ó so àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì rọra ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń bẹ àgbà.

"Bambo Mwalwanda, ilé mi ló ṣẹ̀ yín. Mo bú ọmọ yín, mo lé e kúrò níbí, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ forí jì wá."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni Bambo Mwalwanda wí, òun náà ti ń bọ́ sílẹ̀ lórí àga, torí kò lè wà lókè nígbà tí àgbà wà nílẹ̀. "Ó ti tán. Ẹ dìde."

"Kò tí ì tán." Malume yíjú sí Lusekelo. "Ìwọ. O purọ́ fún mi."

"Mo purọ́, Malume."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e."

"Ìyẹn kan ẹ? Ẹ̀bi ọmọ mi, tèmi ni. Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni ǹ bá mú un lọ bá ọ̀gá, èmi ni ǹ bá bẹ̀ ẹ́. O gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, o sì sọ mí di ẹni tó ń bú aláìṣẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Tadala la jọ ń lọ bá ọ̀gá àgbà, tó bá fẹ́ lé e, kó lé e lójú mi." Ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó mí. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí ọmọ mi bá tún ṣẹ̀ lọ́la, tó ṣẹ̀ ẹ́ nílé ẹ lọ́hùn-ún, má gbé e pamọ́ fún mi. Wọ ọkọ̀, kó o wá sọ fún mi. Bó bá jìn, kó jìn."

Bambo Mwalwanda tẹ̀ síwájú.

"Nílé ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ wí? Ẹ ti gbà kó bá wa lọ sí Karonga?"

"Mo ti sọ ọ́," ni Malume wí, ó ń gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Ti màlúù ló kù, mi ò sì gbà á. Ẹ jókòó dáadáa, ká jọ jà á."

Láti inú ilé, ohùn ẹkún Mai Edina bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò pariwo, ó ń gbà á mọ́ra. Tadala gbọ́ ọ, omi sì bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Ó fẹ́ dìde lọ bá ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Malume na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"O ò tí ì dáhùn ohun tí mo bi ẹ́," ló wí. "Ṣé o mọ àwọn èèyàn yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, Malume," ni Tadala wí.